Ta ni baba lítíréṣọ̀ Malayalam? Ìdáhùn fún olùkàwé kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ní yunifásítì, mo fẹ́ gbé lítíréṣọ̀ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Malayalam. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo ṣí sọ pé Ezhuthachan, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni baba. Èkejì ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ramacharitam ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dárúkọ méjèèjì, ọdún 1889 ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? N kò gbọ́ Malayalam, kí sì ni mo lè kà?"

Ìdáhùn:

Kò sí èyí tó parọ́ nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí oníkálukú ń kà ló yàtọ̀. Ẹni tó mú ọ̀rúndún kejìlá ń ka iṣẹ́ gígùn àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Ẹni tó mú Ezhuthachan ń ka ìgbà tí èdè ewì kan ṣoṣo kárí ilẹ̀ náà. Ẹni tó mú 1889 ń ka ìtàn àròsọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, ìbéèrè tó máa wúlò jù fún iṣẹ́ yín kì í ṣe "ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́?" bí kò ṣe "àwọn wo ló lè jókòó gbọ́ ọ?" Ní Kerala, ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Malayalam ní Íńdíà, ìgbàkígbà tí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí bá yí padà ni lítíréṣọ̀ náà ń yí padà. Òun ni màá fi tọ ọ̀nà.

Kerala jẹ́ ìpínlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Òkun Arébíà wà ní apá kan, òkè Western Ghats wà ní apá kejì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 35 ènìyàn ló ń sọ Malayalam. Ẹbí kan náà ni òun àti Tamil, àwọn onímọ̀ èdè kò sì tíì parí àríyànjiyàn bóyá ọmọ Tamil ni tàbí àbúrò rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé Tamil ni àwọn akéwì etí òkun yìí fi ń kéwì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí èdè ẹnu àwọn ará ìwọ̀-oòrùn òkè tó ya kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn Brahmin, ìran àlùfáà Híńdù, tí wọ́n ń pè ní Nambudiri níbẹ̀, tí wọ́n di alágbára nínú tẹ́ḿpìlì àti lórí ilẹ̀ oko, tún mú Sanskrit, èdè mímọ́ àtijọ́ ti ẹ̀sìn Híńdù, wọlé. Àkọsílẹ̀ orí awo bàbà tí wọ́n rí ní Vazhappally, ti ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí pé Malayalam ti kọ́kọ́ fara hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣàkóso tẹ́ḿpìlì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ewì.

Ọ̀nà méjì ni ewì wá gbà, pattu àti manipravalam. Ìwé kan tí wọ́n fi Sanskrit kọ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Lilatilakam, ṣe òfin méjèèjì, òfin náà ṣì ni ẹ lè fi dá wọn mọ̀ lónìí. Pattu kò gbọ́dọ̀ kọjá ìró tí lẹ́tà Tamil lè kọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ Sanskrit bá wọlé, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ kó bá ẹnu Tamil mu: Rama á di Iraman. Lẹ́tà kejì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ, èyí ni wọ́n ń pè ní etuka. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìdajì ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì mu, ìyẹn ni mona. Ìwọ̀n ìlà rẹ̀ náà jẹ́ ti ìbílẹ̀. Ramacharitam tí ẹ kà nípa rẹ̀ ni àpẹẹrẹ pattu tó pé jù: ẹsẹ 1,814, ogun inú ìtàn Ramayana, láàárín Rama, ọlọ́run Híńdù, àti Ravana ọ̀tá rẹ̀, ló sì dá lé. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Cheeraman. Bí ọmọ Kerala òde òní bá ṣí i, ó lè rò pé Tamil lòun ń kà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jiyàn bóyá Malayalam ló yẹ kí a kà á sí.

Nínú manipravalam, Sanskrit kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ inú gbólóhùn Malayalam tòun ti gírámà tirẹ̀, ìwọ̀n ewì náà jẹ́ ti Sanskrit, wọ́n sì tún máa ń so ìparí Sanskrit mọ́ ọ̀rọ̀ Malayalam lára. Àwọn ọ̀mọ̀wé Brahmin àti àwọn ará ààfin ló ń gbádùn rẹ̀, ohun tó sì máa ń dá lé lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹwà àwọn obìnrin olókìkí kan. Vaisika Tantram jẹ́ ìmọ̀ràn ìyá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí bí a ti ń fa ọkùnrin mọ́ra kí owó má baà wọ́n. Unnuneeli Sandesam, ti ọ̀rúndún kẹrìnlá, jẹ́ iṣẹ́ ìfẹ́ tí ọkùnrin kan rán láti Thiruvananthapuram sí Kaduthuruthi, ní àwòkọ́ṣe Kalidasa, akéwì Sanskrit ńlá nì. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí ọ̀rúndún ogún yínmú sí irú ewì yìí pé ìṣekúṣe ló kún inú rẹ̀. N kò bá wọn lọ délé lórí ìyẹn. Àpèjúwe ọjà, ojú ọ̀nà àti àwọn oníṣòwò tó wà nínú àwọn ewì yìí ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, àwọn onítàn ọrọ̀ ajé sì ń jẹ oúnjẹ gidi níbẹ̀. Àléébù wọn ni pé ẹni tí kò bá kọ́ Sanskrit, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Àwọn kan wá ọ̀nà àárín. Àwọn mẹ́ta láti ìdílé Kannassa ní Niranam, tí gbogbo wọn ń jẹ́ Panikkar, fi èdè tó súnmọ́ ti ará ilé ṣe Ramayana, Bhagavad Gita àti iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Cherusseri kọ Krishnagatha ní ààfin ọba Kolathiri ní àríwá, ní Malayalam tó mọ́ gaara, tí ẹrù Sanskrit kò wọ̀ lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá ní Cherusseri ló yẹ kí wọ́n máa pè ní baba, n kò ní bá a jà.

Kí wá ni Ezhuthachan ṣe? Ará àgbègbè Tirur ni, kì í ṣe Brahmin. Kò dá ìtàn tuntun sílẹ̀. Adhyatma Ramayanam rẹ̀ wá láti inú ìwé Sanskrit tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, Mahabharatam rẹ̀, ìtàn ogun láàárín àwọn ìbátan kan, sì jẹ́ èyí tó gé kúrú. Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà jù: wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ramayana ti Valmiki, èyí tó lókìkí jù ní Sanskrit, wọ́n á ní ó fi tibí kún un, ó yọ tọ̀hún kúrò, nígbà tó jẹ́ pé Valmiki kọ́ ló ń tẹ̀ lé. Adhyatma Ramayana ti Sanskrit ni kí ẹ fi wé e. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ọwọ́ Ezhuthachan fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yà ewì tó lò ni kilippattu, orin ayékòótọ́. Akéwì á pe ẹyẹ náà, á bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ròyìn ìtàn ọlọ́run, ẹyẹ á sì gba ọ̀rọ̀ sọ títí dé òpin. Àwọn kan ní ọgbọ́n ìtẹríba ni, fún ẹni tí kì í ṣe Brahmin tó fẹ́ fẹnu kan ìtàn mímọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tó hàn gbangba ni pé ẹyẹ tó ń ròyìn lè dánu dúró, kó gbàdúrà, kó dá sí ọ̀rọ̀, kí ìtàn má sì bàjẹ́. Ìwọ̀n ìlà rẹ̀ tún rọrùn láti há sórí. Keka, tí apá àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ Balakandam fi bẹ̀rẹ̀, ní sílébù 14 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: 3, 2, 2, ìsinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà 3, 2, 2 mìíràn, ìpín kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ ṣaláìní sílébù gígùn kan ó kéré tán. Kakali ní ìpín 4 nínú ìlà, sílébù 3 nínú ìpín, gígùn gbogbo wọn á sì jẹ́ 5 bí a bá ka kúkúrú sí 1, tí a ka gígùn sí 2. Sundarakandam, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Hanuman, ọ̀bọ akọni tó fo òkun, bọ́ sí Kalakanchi, tí sílébù kúkúrú kún ìbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀, tó fi ń sáré ju Kakali lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó lè kà á sókè fún yín, ẹ ní kó ka Balakandam àti Sundarakandam tẹ̀lé ara wọn. Etí yín á gbọ́ ìyàtọ̀ náà bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Sanskrit pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń yin ọlọ́run, ṣùgbọ́n gírámà Malayalam ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, ẹni tí kò ka Sanskrit rí á sì lè tẹ̀ lé ìtàn náà. Lẹ́tà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi tàn ká wá láti inú Grantha, tó lè kọ ìró Sanskrit àti ti ìbílẹ̀ pọ̀, èyí tí Vatteluttu àtijọ́ kò lè ṣe tán. Ẹ máa gbọ́ pé òun ló dá álífábẹ́ẹ̀tì oní-51 sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwọn lẹ́tà náà ti wà nílẹ̀, òkìkí ewì rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n borí. Títí dòní, nínú oṣù Karkidakam, láti àárín oṣù Keje sí àárín oṣù Kẹjọ nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ọ̀pọ̀ ilé Híńdù ní Kerala ń ka Ramayanam rẹ̀ sókè lójoojúmọ́ títí oṣù á fi parí. Orí èyí ni oyè baba dúró lé. Ó rí èdè tí tẹ́ḿpìlì kò lè kọ̀, tí ará ilé sì gbọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ewì jáde síta gbangba. Poonthanam kọ Jnanappana ní Malayalam tó rọrùn débi pé ọmọdé lè kọ ọ́ lórin. Àwọn ọba àti ọ̀mọ̀wé ń kọ attakkatha, ọ̀rọ̀ orin tí àwọn eléré Kathakali ń jó sí. Nalacharitham ti Unnayi Variyar, tí wọ́n pín sí òru mẹ́rin, ni mo fi ṣolórí wọn. Ṣùgbọ́n Kunchan Nambiar, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló ya ẹ̀rín sí gbangba. Wọ́n ní ó sùn lọ nídìí ìlù mizhavu nígbà tí òṣèré Chakyar kan ń ṣeré nínú tẹ́ḿpìlì, òṣèré náà fi í ṣẹ̀fẹ̀, lọ́jọ́ kejì ni Nambiar gbé eré tirẹ̀ kalẹ̀ nítòsí, èrò sì ṣí lọ bá a. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nìyẹn. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀: thullal, tí ẹnì kan ń kọ lórin tó tún ń jó o, oríṣi mẹ́ta, Ottan, Seethankan àti Parayan, tí aṣọ àti ìlù wọn yàtọ̀. Ìtàn àwọn ọlọ́run ló ń sọ, àmọ́ ọ̀run tirẹ̀ kún fún ọmọ ogun Kerala, Brahmin oníwọra àti akọ̀wé jẹgúdújẹrá. Ọ̀pọ̀ gbólóhùn rẹ̀ ti di òwe lẹ́nu ará Kerala.

Apá kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn lítíréṣọ̀ ń fò, ẹ má bá wọn fò ó. Àwọn Mùsùlùmí Malabar, ìyẹn àríwá Kerala, ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Malayalam, gẹ́gẹ́ bí àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ajami kọ Yorùbá. Muhyiddin Mala, orin ìyìn tí Qadi Muhammad ti Calicut kọ ní 1607, ní ọdún tó dájú, ohun tí a kò lè sọ nípa púpọ̀ nínú ewì ìgbà yẹn. Ní 1872, Moyinkutty Vaidyar kọ ìtàn ìfẹ́ Badarul Muneer àti Husnul Jamal ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé lẹ́tà náà ṣe àjèjì sí àwọn ọ̀mọ̀wé Híńdù, wọn kò ka iṣẹ́ wọ̀nyí mọ́ ara lítíréṣọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kọ wọ́n lórin níbi ìgbéyàwó.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo rò pé ẹ ti máa rí nǹkan gidi mú fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín. Lẹ́tà Malayalam kọ́kọ́ hàn nínú ìwé títẹ̀ ní Amsterdam, nínú Hortus Malabaricus, ìwé egbòogi àti ewéko ìdìpọ̀ 12 tó jáde láti 1678 sí 1693, àmọ́ ṣe ni wọ́n fín in sára awo bàbà. Ìwé àkọ́kọ́ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Malayalam, Samkshepa Vedartham, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kátólíìkì, jáde ní Róòmù ní 1772. Nígbà tó di 1821, Benjamin Bailey ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS bẹ̀rẹ̀ ilé ìtẹ̀wé ní Kottayam. Òjé lẹ́tà tó ránṣẹ́ lọ gbà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ jọ, wọ́n sì gé tiwọn, èyí tó rí roboto ju ti ìṣáájú lọ. Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní 1829, ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ní 1846. CMS yìí kan náà ni ti Samuel Ajayi Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, òun náà ni ti Henry Townsend tó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní Malabar, Hermann Gundert ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere Basel gbé Rajyasamacharam, ìwé ìròyìn Malayalam àkọ́kọ́, jáde ní Thalassery ní 1847, gírámà rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1851, ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ tó kún fún òwe àti ọ̀rọ̀ ẹnu ní 1872. Òun ni bàbá-ìyá Hermann Hesse, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì.

Ìyàtọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni pé ABD ni Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún Yorùbá, àmì ohùn sì ni ìṣòro tó kù. Malayalam ti ní lẹ́tà tirẹ̀, kọńsónáǹtì méjì sì ń lẹ̀ mọ́ra di àwòrán kan, nítorí náà atẹ̀wé nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún òjé tó yàtọ̀ síra. Èyí mú kí títẹ̀ wọ́n, ìṣòro náà kò sì tán títí ìjọba Kerala fi tú ọ̀pọ̀ lẹ́tà alásopọ̀ ká ní 1971 kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gbà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1971 àti èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò fi jọra lójú.

Ìwé ìròyìn ló bí àròkọ, àròkọ sì ṣí ọ̀nà fún ìtàn àròsọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ní Indulekha ti O. Chandu Menon, 1889, ló ṣáájú. Kundalata ti Appu Nedungadi ti jáde ní 1887, àmọ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò jọ Kerala, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì ń sọ̀rọ̀ bí ará Kerala. Adájọ́ ni Chandu Menon lábẹ́ ìjọba òyìnbó. Ó gbìyànjú láti túmọ̀ ìtàn àròsọ kan ti Disraeli, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé kò lè yé àwọn ará ilé rẹ̀, ló bá jókòó kọ tirẹ̀, kò sì tó oṣù 3 tó fi parí. Ọmọbìnrin ìran Nair kan tó kàwé ni Indulekha. Wọ́n fẹ́ fi í fún Nambudiri olówó kan tí obìnrin kì í sú, ó kọ̀ jálẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ló fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni C. V. Raman Pillai gbé Marthandavarma jáde ní 1891, ìtàn ọba Travancore, ilẹ̀ ọba kan ní gúúsù Kerala nígbà náà. Ọdún 1891 yìí náà ni ìtàn kúkúrú bẹ̀rẹ̀, Vasanavikriti, tí olè kan ti ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe mú un.

Àwọn akéwì ìgbà yẹn ń jà lórí bóyá dandan ni kí lẹ́tà kejì ìlà bára mu. Kerala Varma ní dandan ni, ọmọ àbúrò rẹ̀ A. R. Raja Raja Varma, tó kọ gírámà Kerala Panineeyam ní 1896, ní kì í ṣe dandan. Ó lè dà bí ìjà lórí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ nígbà tí wọ́n tú okùn yẹn ni ewì ráyè ronú. Kunjikkuttan Thampuran ti Kodungallur, ní tirẹ̀, jókòó túmọ̀ gbogbo Mahabharata láàrín ọjọ́ 874. N kò mọ ẹlòmíràn tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Kumaran Asan, tó gbé ayé láti 1873 sí 1924, ló lo àyè náà jù. Ezhava ni, ìran tí ètò ipò àbíbí kò gbà láyè láti wọ tẹ́ḿpìlì. Narayana Guru, àgbà ẹ̀sìn tó gbógun ti ètò yẹn, ló rán an lọ kàwé ní Bangalore àti Calcutta, nígbà tí wọ́n sì dá SNDP, ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Guru yìí, sílẹ̀ ní 1903, Asan di akọ̀wé rẹ̀. Veena Poovu, 1907, jẹ́ ẹsẹ 41 péré, nípa òdòdó kan tó jábọ́. Kò sí ọlọ́run níbẹ̀, kò sí ọba, ikú ohun kékeré kan ni wọ́n ń rò. Ní 1922 ó kọ Duravastha, nínú èyí tí ọmọ Nambudiri obìnrin kan fẹ́ Chathan, Pulaya, lára àwọn tí ètò náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́: Sanskrit, tí wọ́n fi ń dá irú rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ló wá fi wó ògiri náà. Ọkọ̀ ojú omi ló dà á nù ní Pallana ní oṣù Kìíní 1924. Wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ akéwì méjì mìíràn, Ulloor àti Vallathol. Vallathol ló dá Kerala Kalamandalam sílẹ̀ ní 1930, tí Kathakali kò fi parun. Ulloor kọ ìtàn lítíréṣọ̀ náà ní ìdìpọ̀ 5, ó sì ń wúlò fún ìwádìí ju ewì rẹ̀ lọ, lójú tèmi.

Changampuzha wá dé ní 1936 pẹ̀lú Ramanan, arò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pa ara rẹ̀, tó dùn létí débi pé àwọn tí kò mọ̀wé kà há a sórí. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé alátìlẹ́yìn òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1945, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí n kò gbọ́dọ̀ fò: àwọn òǹkọ̀wé 12 dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Kottayam láti máa tẹ ìwé ara wọn kí èrè lè kàn wọ́n, P. N. Panicker sì kó ilé ìkàwé 47 jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní Travancore. Òǹkọ̀wé rí owó, ará abúlé rí ìwé. Ohun tó mú kí àwọn ará àdúgbò lè máa ka ohun tí Thakazhi kọ nípa agbálẹ̀gbẹ́ àti èyí tí Kesavadev kọ nípa afàkẹ̀kẹ́ nìyẹn. Vaikom Muhammad Basheer lọ jù wọ́n lọ. Balyakalasakhi, 1944, àti Pathummayude Aadu, 1959, fi èdè inú ilé Mùsùlùmí kọ, tòun ti àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ gírámà máa fa igi lé. Gbogbo ènìyàn ló yé. Chemmeen ti Thakazhi, 1956, jáde lọ́dún kan náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kerala sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé òní, màá kàn dárúkọ àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. M. T. Vasudevan Nair kọ Naalukettu, 1958, lórí ìdílé ńlá Nair tó ń túká. O. V. Vijayan kọ Khasakkinte Itihasam, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ Mathrubhumi ní 1968 kó tó di ìwé ní 1969, àwọn alárìíwísí sì ń pín ìtàn àròsọ sí ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Madhavikutty, tí àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí Kamala Das, gbé Ente Katha jáde ní 1973, ilé kò sì gbà á. Narayan, láti inú ẹ̀yà orí òkè, gbé Kocharethi jáde ní 1998. Benyamin kọ Aadujeevitham, 2008, nípa ọmọ Kerala tí wọ́n sọ di ẹrú darandaran ní Saudi Arabia, K. R. Meera sì kọ Aarachar, 2012, nípa obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ síso ọ̀daràn rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí kù. Ìwé Malayalam àtijọ́ ń lo kàlẹ́ńdà Kollam, tó bẹ̀rẹ̀ ní 825, ọdún rẹ̀ sì ń yí ní àárín oṣù Kẹjọ. Bí ọjọ́ tí ẹ ń wá bá bọ́ sí àárín oṣù Kẹjọ sí ìparí oṣù Kejìlá, ẹ fi 824 kún un. Bí ó bá bọ́ sí oṣù Kìíní títí di àárín oṣù Kẹjọ, 825 ni. Ìkún-omi ńlá tí wọ́n ń pè ní "ti ọdún 99" ṣẹlẹ̀ ní Kollam 1099, oṣù Keje, ìyẹn 1924. Ẹni tó bá fi 824 kún un á kọ 1923, mo sì ti rí irú rẹ̀ nínú ìwé títẹ̀. Orúkọ náà ń dàrú: Thakazhi jẹ́ orúkọ abúlé, Vallathol orúkọ ilé, Variyar, Panikkar àti Thampuran jẹ́ oyè tàbí ìran, nítorí náà ẹ wo ibi méjèèjì nínú atọ́ka ìwé. Ìró tí wọ́n ń kọ ní "zh" nínú Ezhuthachan ni àwọn ìwé yunifásítì ń fi "l" tó ní àmì nísàlẹ̀ kọ, ẹ fi Eluttacchan wá a pẹ̀lú.

Ní ti kíkà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Basheer. Ìtúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí R. E. Asher ṣe pẹ̀lú Achamma Coilparampil, tó jáde ní Edinburgh ní 1980, kó ìtàn mẹ́ta pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chemmeen, tó ní ìtúmọ̀ méjì, ti Narayana Menon ní 1962 àti ti Anita Nair ní 2011, ẹ ka ojú ìwé mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yan. Indulekha ti Dumergue, 1890, wúlò nítorí pé ọdún kan péré ló fi tẹ̀ lé ojúlówó. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú The Legends of Khasak, 1994: Vijayan fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì yí i padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi lè tọ́ka sí gbólóhùn inú rẹ̀ pé ohun tó kọ ní 1969 nìyẹn.

Bí ẹ bá sì máa fi Yorùbá wé Malayalam, ẹ má fi 1889 wé ọdún ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ bí ẹni ń wo eré ìje. Ìtàn Sẹ̀gilọlá ti Isaac Thomas jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, Khasak jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Mathrubhumi ní 1968. Ohun tí àyè inú ìwé ìròyìn, owó olùkàwé àti ìdúró fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe sí ìtàn méjèèjì ni mo máa fẹ́ kà nínú iṣẹ́ yín.